Fọ́tò Àwọn Baba Wa ní Ilẹ̀ Òkun

Ní Kàbà, níbi tí àwọn ọmọ Owé ti ń wárí fún Ọbarò, ọba wọn, àti káàkiri ilẹ̀ Yàgbà, Ìjùmú òun Bùnú, ní ilẹ̀ àwa ọmọ Òkun, ó ṣòro kí ènìyàn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àgbà kan kí ó má bá fọ́tò baba tàbí ìyá onílé lára ògiri, tí ó jókòó ṣánṣán, tí ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, tí ó sì kọjú sí iwájú gan-an bí ẹni tí ó mọ̀ pé ọmọ tí a kò ì tíì bí yóò wá wo òun. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn baba wa sì ti mọ èyí kí kàmẹ́rà tó dé.

Ọdún 1839 ni Daguerre, ará Faransé, gbé iṣẹ́ fọ́tò yíyà jáde ní Paris. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, aláwọ̀ dúdú ti ń fi jẹun l'Ékòó, níbi tí George Da Costa ti bẹ̀rẹ̀ ní 1895, tí N. W. Holm, ọmọ Accra, sì ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní 1896.

Ìlò tí àwọn ènìyàn wa lò ó ni ó jọ mí lójú jù. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, láàrin àwọn Ìgbómìnà aládùúgbò Yàgbà, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, rí i ní àwọn ọdún 1970 pé fọ́tò ti ń gba ipò ère ìbejì. Nígbà náà, bí ọ̀kan nínú ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn bá papò dà, a ó ya èyí tí ó kù, a ó tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn méjèèjì lè jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, a ó wọ aṣọ tirẹ̀ fún un, a ó yà á, a ó tún wọ aṣọ irú ti èkejì fún un, a ó sì tún un yà. N kò mọ ibi tí a gbé fi kàmẹ́rà ṣe ìkẹ́ tí ó ju èyí lọ.

Akínbọ̀dé Akínbíyí, ayàfọ́tò tí a bí ní Oxford ní 1946, tí ó kàwé n'Íbàdàn, tí ó sì ti ń gbé Berlin láti 1991, gba ọ̀nà mìíràn: ẹsẹ̀ ni ó fi ń rin ìgboro, kàmẹ́rà olójú méjì ní àyà rẹ̀, tí yóò tẹrí ba wò, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni jókòó fún òun. Ní 2020, ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Gropius Bau ní Berlin pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. Odindi mùsíọ̀mù fọ́tò wà ní ìlú yẹn láti 2004. Orúkọ, ọdún àti ibi tí a ti ya àwòrán ni wọ́n máa ń kọ sí ìdí rẹ̀ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, èyí gan-an sì ni ó ṣọ̀wọ́n lára ti ilé wa.

Fún àpẹẹrẹ, aṣọ ipò pupa ilẹ̀ Bùnú, èyí tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ nígbà tí erin bá wó, tí àjànàkú sùn bí òkè, dúdú ni ó ń jáde nínú fọ́tò àtijọ́. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ nìkan ni ó lè sọ pé aṣọ ipò ni, àwọn tí ó wà níbẹ̀ sì ń wọ káà ilẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Òkun tí ẹ ń bọ̀ wálé ní Kérésì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fọ́tò wọ̀nyí kalẹ̀ lára ògiri, ẹ gbé wọn lọ bá àwọn àgbà, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ, agbo ilé, ọdún àti irú aṣọ sí ẹ̀yìn wọn.