Ìsọlórúkọ Ẹ̀dá Ìtàn nínú Ìtàn Àròsọ Yorùbá: Láti Sẹ̀gilọlá dé Àṣàkẹ́

Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, ilé ni wọ́n máa ń wò. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ kò ní ilé kankan láti wò. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ́ ilé náà, kí ó tó mọ orúkọ tí ó yẹ ọmọ tí a bí síbẹ̀. Èrò kan tí ó gbilẹ̀ láàrin àwọn lámèyítọ́ ni pé ọ̀dọ̀ John Bunyan ni D. O. Fágúnwà ti rí ọgbọ́n fífi ìwà sọ ẹ̀dá ìtàn lórúkọ, àti pé àwọn tí ó tẹ̀ lé e pa ọgbọ́n náà tì, tí wọ́n sì ń lo orúkọ tí ènìyàn ń jẹ́ láwùjọ. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú apá kìíní èrò yìí. Apá kejì ni ó nílò àtúnyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Fágúnwà. Ní ọdún 1929 ni I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ni ó ń kọ wọ́n. Ní ọdún 1930, ó di ìwé. Sẹ̀gilọlá ni orúkọ tí ó fún obìnrin náà, ó sì fi ìnagijẹ kún un: Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé ènìyàn gidi ni, kò sì yani lẹ́nu. Sẹ̀gi jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye. Ilé ọlá ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ìnagijẹ ní tirẹ̀, ẹnu àwọn ará ìgboro ni ó ti ń wá. Ẹni tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ lórúkọ ni ó wá ń kú lọ nínú òṣì: orúkọ méjèèjì ti sọ ìdajì ìtàn náà.

Ọ̀nà mìíràn ni Fágúnwà gbà nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938). Àkàrà-oògùn, Olóhùn-iyọ̀, Ìmọ̀dòye, Ẹlégbèdè-ọdẹ: kò sí ìyá tí yóò sọ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kankan nínú wọn ní ọjọ́ kẹjọ. Lóòótọ́, ìtumọ̀ ìwé Bunyan tí David Hinderer ṣe ti wà ní èdè Yorùbá láti ọdún 1866, kò sì ṣòro láti gbà pé Fágúnwà, tí ó jẹ́ olùkọ́, kà á. Ṣùgbọ́n ìwà kan ṣoṣo ni ẹ̀dá Bunyan sábà máa ń ní, ìwà yẹn náà sì ni orúkọ rẹ̀. Kàkó kò rí bẹ́ẹ̀. Kàkó Oníkùmọ̀-ẹkùn ni wọ́n ń pè é. Ohun ìjà rẹ̀ ni ó di oríkì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí fún ọdẹ àti jagunjagun kí ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Olóhùn-iyọ̀ náà, ìnagijẹ ni. Olóhùn dídùn ní ìlú èyíkéyìí lè gbà á lẹ́nu ará àdúgbò. Bóyá Ìmọ̀dòye nìkan ni ó sún mọ́ ti Bunyan gan-an.

Nígbà tí ó fi máa di Àdììtú Olódùmarè (1961), irú orúkọ méjèèjì ti ń gbé inú ìwé kan náà. Ìpọ́njúdìran ni ìyá Àdììtú, orúkọ tí ó ń ké òṣì ilé náà síta. Ìyúnadé sì ni olólùfẹ́ rẹ̀, orúkọ tí a lè gbọ́ níbi ìkómọ.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e yan orúkọ tí ó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí sọ akọni Ọmọ Olókùn-Ẹṣin (1969) ní Àjàyí. Àmútọ̀runwá ni, kò sí ẹni tí ó fún un ní orúkọ náà, ìyẹn sì yẹ ẹni tí ó kọ̀ láti sìn. Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ẹ̀wẹ̀, irú Tàfá Ìgìrìpá ni a bá pàdé: orúkọ Mùsùlùmí, pẹ̀lú ìnagijẹ tí Fágúnwà ìbá mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọwọ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ọgbọ́n yìí ti fara pamọ́ jù lọ. Ó le kú (1974) dá lórí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn kan tí ó ń wá aya láàrin obìnrin mẹ́ta. Àjàní ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí a jà kí a tó ní. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ni Àṣàkẹ́, ẹni tí a ṣà láti máa kẹ́. Ìjà àti ìṣà, gbogbo ohun tí ìwé náà dá lé lórí nìyẹn, a sì lè kà á tán láìfura, nítorí kò sí àdúgbò tí kò ní Àjàní àti Àṣàkẹ́. Òǹkàwé tí oríkì àbísọ ṣì ń sọ̀rọ̀ sí létí nìkan ni yóò gbọ́ ọ, irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ sì ń dín kù, nítorí ọ̀pọ̀ òbí kò fún ọmọ ní oríkì mọ́. Lọlá àti Ṣadé ni àwọn obìnrin méjì yòókù. Ìdajì orúkọ ni wọ́n, a ti gé orí wọn kúrò, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ti ń pe ara wọn.