Ilẹ̀ Ta Ni Wọ́n Dà? Bánjọ, Ṣóyínká àti Okigbo nínú Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967, wọ́n yìnbọn pa ọmọ Yorùbá kan ní ìlú Enugu. Orúkọ rẹ̀ ni Victor Bánjọ, ọ̀gágun tí ó kó ọmọ ogun Biafra dé Ọ̀rẹ̀ ní oṣù tí ó ṣáájú. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó dalẹ̀ Biafra. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kò dájú pé òun náà yóò yè é, nítorí lójú àwọn tó wà ní Èkó, Nàìjíríà ni ó dà. Ìjọba méjì tí wọ́n ń bá ara wọn jagun fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo yìí.

Èdè Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ ṣeré. Ẹni tí ó dalẹ̀ ti ba májẹ̀mú tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí sí jẹ́, ìdí sì nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé ẹni tó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ilẹ̀ wo ni, májẹ̀mú wo ni, ta ni ó sì bá ta dá a? Ní ọdún 1967, Gowon ní Èkó àti Ojukwu ní Enugu jọ ń bèèrè ìfẹ́ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ gbọ́ ìbéèrè yẹn nínú àwọn méjèèjì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀ kò ṣàjèjì. Àwọn ọ̀dọ́ ológun dìtẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, wọ́n pa olórí ìjọba Abubakar Tafawa Balewa àti àwọn aṣáájú mìíràn, wọ́n sì ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ló sún àwọn ṣe é. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, àwọn ológun láti Àríwá gbẹ̀san: wọ́n mú Aguiyi-Ironsi ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa á pẹ̀lú Adékúnlé Fájuyì tí ó gbà á lálejò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Igbo ní àwọn ìlú Àríwá, tí àwọn tó ṣẹ́kù sì ń sá padà sílé tọmọtọmọ. Àdéhùn Aburi ti oṣù Kìíní 1967 kò tọ́jọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, Ojukwu kéde Biafra. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 6 oṣù Keje, ìbọn ti ń dún. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí Biafra fi wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn kò gbọdọ̀ fo ìpànìyàn ọdún 1966 kọjá. Orílẹ̀-èdè tí kò dáàbò bo ọmọ rẹ̀ nínú ilé tí ó ń gbé ti kọ́kọ́ ba májẹ̀mú tirẹ̀ jẹ́.

Bánjọ wà ní ẹ̀wọ̀n kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀ tán. Láti oṣù Kìíní ọdún 1966 ni ìjọba Ironsi ti fi í sí àtìmọ́lé láìgbé e lọ sílé ẹjọ́, nítorí wọ́n fura pé ó fẹ́ pa Ironsi. Ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ni Ojukwu sì ti tú u sílẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1967, ó kó ọmọ ogun gba orí afárá Odò Ọya kọjá sí ẹkùn Midwest. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Benin ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ohun tí ó sọ lórí rédíò ní Benin ló ṣe àwọn tó rán an níṣẹ́ ní kàyéfì: ó ní òun gba Nàìjíríà gbọ́. Èrò rẹ̀ ni pé kí agbára kẹta dìde, tí kì í ṣe ti Gowon, tí kì í sì í ṣe ti Ojukwu. Èrò náà dára létí, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó jẹ́ ti agbára kẹta yìí gan-an. Ọmọ ogun Ojukwu ni ó fẹ́ fi ṣe é. Ogun dúró sí Ọ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gba Benin padà ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa Bánjọ pẹ̀lú Emmanuel Ifeajuna, Philip Alale àti Sam Agbam.

Ẹnì kan wà tí èrò agbára kẹta yìí kò pa, ṣùgbọ́n tí ó fi ojú rẹ̀ rí màbo. Ní oṣù Kẹjọ yẹn kan náà, Wọlé Ṣóyínká rìnrìn àjò lọ sí Enugu láti bá Ojukwu sọ̀rọ̀ kí ogun lè dáwọ́ dúró. Ó rí Bánjọ, ó sì jẹ́ iṣẹ́ Bánjọ fún Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó jẹ́ ọ̀gá àwọn ológun ní Ìbàdàn nígbà náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú un. Ó lé ní ọdún méjì tí wọ́n fi tì í mọ́lé láìṣe ẹjọ́, ní Kaduna ni ó sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ní yàrá tí òun nìkan ń gbé. Oṣù Kẹwàá 1969 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀, The Man Died, jáde ní 1972. Àwọn kan ṣì ń jiyàn títí di òní bóyá ó yẹ kí olùkọ̀wé máa gbé iṣẹ́ ọ̀gágun kiri nígbà ogun, iyàn náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé kí wọ́n ti ènìyàn mọ́lé fún ọdún méjì láìgbé ẹ̀sùn kankan lọ síwájú adájọ́, kí wọ́n sì pe ìyẹn ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè.

Ọ̀rọ̀ Christopher Okigbo ló le jù láti dá lẹ́jọ́. Ọmọ Ojoto ni, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó ti ka ìwé yunifásítì, Fìdítì ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ó korò ojú sí kí wọ́n máa fi àwọ̀ ara pín ewì: nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ní àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dakar ní 1966, ó kọ̀ ọ́. Ẹni tí kò gbà kí wọ́n pe òun ní akéwì aláwọ̀ dúdú ni ó gbé ìbọn fún Biafra kí ọdún kejì tó parí. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni òun àti Chinua Achebe jọ bẹ̀rẹ̀ ní Enugu; ó fi í sílẹ̀, ó gba oyè Méjọ̀, ó sì kú lójú ogun ní agbègbè Nsukka ní ọdún 1967 náà.

Ikú yìí kò jẹ́ kí àwọn olùkọ̀wé sinmi. J. P. Clark, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wà lápá ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, gbé ìwé ewì Casualties jáde ní 1970. Ní 1971, Ali Mazrui, ọmọ Kenya, kọ odindi ìtàn àròsọ tí wọ́n ti gbé Okigbo lọ sílé ẹjọ́ ní ọ̀run. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án níbẹ̀ ni pé ó fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣáájú ewì rẹ̀. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ọ̀run rọrùn fún ẹni tí wọn kò pa ará ilé rẹ̀ ní ìlú àjèjì. Akéwì kò ní ọrùn méjì. Ọrùn tí ó ń fi kọ ewì náà ni wọ́n ń fẹ́ bẹ́.

Ní oṣù Kìíní 1970, ogun parí, Gowon sì kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àmọ́ nígbà tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn dé báǹkì láti gba owó wọn, ogún pọ́n-ùn péré ni wọ́n san fún wọn, ohun yòówù kí wọ́n ti fi pamọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹni tó wà lápá tó ṣẹ́gun ni orílẹ̀-èdè kì í gbàgbé. Ken Saro-Wiwa, ọmọ Ogoni, fara mọ́ Nàìjíríà kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun. Ìjọba àpapọ̀ fi í ṣe alábòójútó Bonny. Lẹ́yìn ogun, ó kọ Sozaboy, ìtàn ọ̀dọ́kùnrin tí ó wọ iṣẹ́ ológun láìmọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995, ìjọba ológun Nàìjíríà so ó rọ̀ ní Port Harcourt, òun àti àwọn Ogoni mẹ́jọ mìíràn.

Ojukwu ńkọ́? Shehu Shagari dárí jì í ní 1982, ó padà wálé, ó sì díje fún ipò ààrẹ Nàìjíríà ní 2003. Nígbà tí wọ́n sin ín ní Nnewi ní 2012, ìjọba Nàìjíríà fi ẹ̀yẹ ológun sin ín, ààrẹ Goodluck Jonathan sì wà níbẹ̀. Ní ti Okigbo, ní ọdún 2007, UNESCO kọ àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí ó fi sílẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ohun ìrántí gbogbo àgbáyé. Orúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Nàìjíríà.