Ẹ Wọ̀n Wá Kí Ẹ Tó Ránṣọ fún Wa: Ìtàn Ìwé Ọ̀fẹ́ àti Kíláàsì Tó Bá A Mu

 

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà kan, mo rí ìwé fíísíìsì ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo dì í dáadáa, mo sì kó ẹ̀dà mẹ́wàá lọ sí láíbìrì ilé-ìwé wa. Mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọdún kan, eruku ti bo gbogbo wọn. Mo bi tísà fíísíìsì pé kí ló dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwé rẹ dára, ọmọ mi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yunifásítì ni wọ́n kọ ọ́ fún. O ò tiẹ̀ bi wá pé kí là ń kọ́ ní SS2."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí òtítọ́ ni. Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé àwọn mìíràn ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú mi. Ẹ gbọ́ bó ṣe rìn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò kó ohun tí àwọn fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni láyé lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ọdún 2007 fi máa parí, kọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ti lé ní 1,800. Ní oṣù keje ọdún 2002, UNESCO pe ìpàdé kan ní Paris, níbi tí wọ́n ti fún irú nǹkan báyìí ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní: open educational resources. Ní èdè tiwa, ohun èlò ẹ̀kọ́ tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni. Kì í ṣe pé a kò sanwó rẹ̀ nìkan o. Ẹni tó kọ ọ́ ti fún wa láṣẹ láti dà á kọ, láti tẹ̀ ẹ́, láti túmọ̀ rẹ̀, àti láti gé e kúrú tàbí fi kún un.

Ìwé wá pọ̀ bí iyanrìn etí òkun. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún olùkọ́ pé èyí ló bá kíláàsì rẹ̀ mu?

Ẹ jẹ́ ká ya Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 2002 kan náà, onímọ̀ fíísíìsì kan tó ń jẹ́ Mark Horner sọ̀rọ̀ níbi àjọ̀dún sáyẹ́ǹsì àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ọmọ iléèwé kan kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Wọ́n ní kó bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, torí òun ni àwọn fẹ́ fi ṣe ìwé ẹ̀kọ́ níléèwé àwọn. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí Horner àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ọ̀fẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ náà ló di Siyavula lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe tí èmi kò ṣe: ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ni wọ́n tẹ̀ lé. Nígbà tí ìjọba gbé ètò tuntun dé, tí Grade 10 sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2012, wọ́n tún ìwé wọn ṣe kó lè bá a mu. Ọdún yẹn náà ni ìjọba tẹ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì wọn, tó sì pín in fún àwọn ilé-ìwé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ìjọba British Columbia ní Kánádà náà dá tirẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò ti orí ìwé bẹ̀rẹ̀. Kọ́ọ̀sì 40 tí akẹ́kọ̀ọ́ ń forúkọ sílẹ̀ fún jù lọ́dún kìn-ín-ní àti ìkejì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣà jáde. Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ìwé ọ̀fẹ́ kiri, tí wọ́n sì fún olùkọ́ lówó láti kà á, kí wọ́n sọ àbùkù rẹ̀. Èyí tó dára, wọ́n mú un lò. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó, wọ́n tún un ṣe. Ibi tí kò ti sí rárá, wọ́n ní kí wọ́n kọ tuntun. Lọ́dún yẹn kan náà, ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún kọ́ọ̀sì 50.

Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n télọ̀ náà ni? Kò sí télọ̀ gidi tí yóò gé aṣọ láì mú téèpù.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá. Nígbà tí mo wà ní pọ́lì, ìwé kan ṣoṣo ló wà ní láíbìrì fún kọ́ọ̀sì kan, ojú ewé tí gbogbo wa nílò, ẹnìkan ti fà á ya. Handout la gbójú lé. Ẹni tí kò rówó rà á, ó di kó máa tọrọ tọ̀rẹ́ lóru ọjọ́ ìdánwò. Àwọn àbúrò wa tó wà ní ilé-ìwé wa báyìí, ṣé irú rẹ̀ náà la fẹ́ kí ojú wọn rí?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìrànlọ́wọ́ yín là ń tọrọ. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́, kíláàsì rẹ̀, iye ọmọ tó wà níbẹ̀, orí-ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kọ́ ní táàmù kọ̀ọ̀kan, ìwé tí ẹ ń lò àti iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìntì, ẹ sọ ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń kọsẹ̀. Kò sí sílébọ́ọ̀sì tó kọ ìyẹn síbẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí olúkúlùkù mú iṣẹ́ kan tó mọ̀ dunjú, kó gbé ìwé ọ̀fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí tísà kọ, kó wo èyí tó bára mu àti èyí tó kù.

Àwọn ìwé mẹ́wàá tèmi ńkọ́? Mo padà lọ bẹ tísà yẹn. Ó jókòó tì mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sàmì sí orí mẹ́rin tó bá SS2 mu, ó fagi lé ìyókù. Orí mẹ́rin péré! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, kò sí eruku lára wọn mọ́.