Páálí Kọ́ ni Òògùn: Ìtàn Àyẹ̀wò àti Òfin Òògùn Ìfàsímú, pẹ̀lú Àkíyèsí láti Ṣómólú àti Bàrígà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n òògùn kan wà tí ojú kò lè ṣọ́: òògùn inú agolo tí àwọn alásímà, ìyẹn àwọn tí ikọ́ sémìísémìí ń bá jà, ń fà símú. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé yàrá àyẹ̀wò nìkan ni ó lè jẹ́rìí sí irú òògùn bẹ́ẹ̀.

Ikú àwọn ọmọdé ni ó kọ́ Nàìjíríà ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1990, omi paracetamol tí májèlé diethylene glycol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Ìbàdàn àti Jos. Ní 1993 ni ìjọba ológun ṣe òfin tí ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀. Síbẹ̀, láàárín 2008 sí 2009, májèlé kan náà wọ inú My Pikin, òògùn eyín ọmọdé, ó sì pa ọmọ tí ó lé ní 80. Èyí fi hàn pé òfin nìkan kò tó. Gbogbo ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá po òògùn ni ó yẹ kí àyẹ̀wò wáyé.

Ti òògùn ìfàsímú tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ní láti wọn ohun tí ó jáde nígbà tí a bá tẹ agolo lẹ́ẹ̀kan. Ti salbutamol sábà máa ń jẹ́ 100 microgram. Wọ́n tún ní láti wọn hóró rẹ̀: èyí tí ó bá tóbi ju nǹkan bí 5 micrometre lọ, ọ̀fun ni yóò lẹ̀ mọ́, kò ní dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí Àdéhùn Montreal ti 1987 mú kí a pa gáàsì CFC tì, ńṣe ni àwọn ilé-iṣẹ́ tún agolo wọn ṣe, tí wọ́n sì tún un dán wò.

Ní Oṣù Kẹjọ 2023, GSK tí ó ń ta Ventolin kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà, owó agolo sì gbẹ́nu sókè. Òbí ní Bàrígà tí èémí há mọ́ ọmọ rẹ̀, tí owó sì há mọ́ òun náà lọ́wọ́, èyí tí kò wọ́n ni yóò rà. Kí ni yóò fi mọ ojúlówó? Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni a fi mọ Ṣómólú. A kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí i bí páálí aláràbarà ṣe ń jáde lábẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀ kò ní fi ẹwà páálí ṣe ẹ̀rí.

Ní ìparí, yàrá àyẹ̀wò NAFDAC wà ní Òṣòdì, kò jìnnà sí Ṣómólú. A dábàá pé kí àjọ náà máa gbé èsì àyẹ̀wò jáde ní èdè Yorùbá, kí àwa olùkọ́ sì máa kà á fún akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí.