Ta Ni Ọ̀gá Rẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kan ni bàbá mi bi mí lọ́jọ́ tí ògiri ilé mi sán ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, bíríkìlà sì ni. Ó fi èékánná ha ògiri náà, iyanrìn ń dà sílẹ̀ yẹ́ẹ́. Ó ní, "Ta ni ọ̀gá ẹni tó kọ́ ọ?" Mo ní n ò mọ̀. Iye pọ́ọ́kú tí ọkùnrin náà pè ni mo gbọ́ tí mo fi gbéṣẹ́ fún un. Bàbá mi kò bínú. Ó kàn ní kí n kó ìyàwó àti àwọn ọmọ mi kúrò nínú yàrá náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láyé àtijọ́, ìbéèrè yẹn ni ìwé ẹ̀rí. Ilé alámọ̀ ni a ń mọ nígbà náà, ipele-ipele sì ni. Wọn kì í gbé òmíràn lé èyí tí kò tíì gbẹ, gbogbo agbo ilé ni yóò sì máa wò wọ́n. Bí òjò bá dé tí ògiri wó, kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó mọ ọ́n. Ta ni yóò tún pè é síṣẹ́?

Nígbà tí sìmẹ́ńtì gbòde, ọmọ iṣẹ́ a sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, a sì ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ìjọba náà gbé ìdánwò Trade Test kalẹ̀, ní ipele mẹ́ta. Bàbá mi ṣe é. Ó fi gíláàsì dé ìwé náà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Àwa ọmọ a sì máa fi rẹ́rìn-ín!

Ṣùgbọ́n ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kọjá ohun tí ará àdúgbò lè fojú wò. Bí wọ́n bá ti da kọnkéré tán, ta ló tún rí irin inú rẹ̀? Ìdí nìyí tí òfin fi dé: ti àwọn ayàwòrán-ilé ní 1969, ti àwọn ẹnjiníà, tó bí àjọ COREN, ní 1970, àti ti àwọn kọ́lékọ́lé, tó bí CORBON, ní 1989. Kì í ṣe èèyàn nìkan ni COREN ń yẹ̀ wò. Bí yunifásítì bá ń kọ́ni níṣẹ́ ẹnjiníà, irú èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ní 1990, COREN a wá wo àwọn olùkọ́ àti irinṣẹ́ wọn kí ó tó fọwọ́ sí i. Ẹ ò rí i? Ìbéèrè bàbá mi náà ni wọ́n ń bi ilé ẹ̀kọ́: ta ni ọ̀gá rẹ̀?

Síbẹ̀, òfin 1970 ti wà nílẹ̀ kí ilé alájà tó wó ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ní 1974, tó pa èèyàn 27. Ní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 wó n'Íkòyí, l'Ékòó, ó pa ju 40 lọ. Àti pé 1992 ni òfin COREN tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń po sìmẹ́ńtì. Ìwé inú àpótí kò lè di ògiri mú bí onílé kò bá béèrè rẹ̀.

Mo wó ògiri náà. Bíríkìlà tuntun mú ìwé tirẹ̀ wá, mo tún wá ọ̀gá rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Bàbá mi jókòó lórí àga, ó ń wò ó títí iṣẹ́ fi parí. Pọ́ọ́kú ni mo wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san án.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà ló wà láàárín kọ́lékọ́lé àti kólékólé. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Abèèrè kì í ṣìnà.