Àwọn Wo Ni Wọ́n Kọ́ Afárá Pamban Fún?

Ìtàn kan wà tí wọ́n sábà máa ń sọ fún àlejò tó bá ń múra àtilọ sí Rameswaram, ìlú kékeré orí erékùṣù Pamban ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà. Wọ́n á ní torí kí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù lè rọ́nà dé tẹ́ḿpìlì Ramanathaswamy ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ afárá ojú irin lórí òkun. Kò ṣòro gbà gbọ́. Àwọn olùjọsìn pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ síbẹ̀ lónìí, Rameswaram náà sì ni ojú irin parí sí. Síbẹ̀, ìtàn náà kò tọ̀nà.

Colombo, ní Sílónì, ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Kí afárá yìí tó wà, ẹni tó bá fẹ́ ti Madras (Chennai òde òní) lọ sí Sílónì, tí a ń pè ní Sri Lanka báyìí, á wọ ọkọ̀ ojú irin dé Tuticorin, á wá fi ọ̀nà tó kù rin orí òkun. Bẹ́ẹ̀, láti Dhanushkodi, ní ṣóńṣó erékùṣù Pamban, sí Talaimannar ní Sílónì kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá náà ní oṣù kejì ọdún 1914, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ti tó láti Madras dé Colombo: ọkọ̀ ojú irin dé Dhanushkodi, ọkọ̀ ojú omi dé Talaimannar, ọkọ̀ ojú irin mìíràn dé Colombo. Boat Mail ni wọ́n ń pe ìrìn àjò náà. Ní ìlú Pamban, ojú irin pín sí méjì, ọ̀kan gba Rameswaram, èkejì gba Dhanushkodi, èkejì yìí sì ni ọkọ̀ tó gbé lẹ́tà àti èrò Sílónì ń tọ̀.

Àwọn tí ìtàn àdámọ̀ yìí gbàgbé ló ká mi lára jù. Àwọn òṣìṣẹ́ Tamil tó ń lọ sí oko tíì ní Sílónì gba ojú irin yìí kọjá. Ní Mandapam, létí òkun níbi tí afárá ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba Sílónì ní àgọ́ kan tí wọ́n ti ń dá wọn dúró, tí wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò nítorí àrùn, kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n sọdá. Bí a bá fi afárá náà fún tẹ́ḿpìlì nìkan, a ti pa ìtàn wọn rẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀rí mìíràn ti ẹnu ọmọ ìlú náà wá. Rameswaram ni wọ́n bí Abdul Kalam, tó di ààrẹ Íńdíà ní ọdún 2002. Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀, ó ní nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ọkọ̀ ojú irin kò dúró ní ìlú àwọn mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń ju ìdì ìwé ìròyìn sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ tó ń sáré, láàárín Rameswaram sí Dhanushkodi, tí òun, ọmọdé nígbà náà, á sì máa ṣà á fún ìbátan òun tó ń tà á. Nígbà tí nǹkan le, ìdúró ìlú tẹ́ḿpìlì ni wọ́n fò. Wọn kò fo Dhanushkodi.

Ìjì ló yí ọ̀nà ojú irin yìí padà. Ní òru ọjọ́ kejìlélógún mọ́jú ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejìlá ọdún 1964, omi òkun bo Dhanushkodi, ó sì gbé ọkọ̀ ojú irin kan tòun ti èrò tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ apá afárá náà wó. Ẹnjiníà E. Sreedharan ló darí àtúnṣe rẹ̀, ọjọ́ 46 péré ló sì fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò tún ojú irin Dhanushkodi ṣe. Ìgbà yẹn ni Rameswaram di òpin ọ̀nà.

Èyí kò ní kí a fojú kéré àwọn olùjọsìn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi sọdá síbẹ̀ kí afárá tó dé, wọ́n sì jàǹfààní rẹ̀ gan-an, pàápàá nítorí pé ọdún 1988 ni afárá títì tó di lílò. Wọ́n ti afárá àtijọ́ pa ní oṣù kejìlá ọdún 2022, èyí tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Apá kan rẹ̀ ń gbéra sókè ṣánṣán kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá.

Ẹni tó bá ń lọ lónìí lè wọ bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin láti Madurai. Nínú ìlú, kẹ̀kẹ́ Márúwá pọ̀, ẹsẹ̀ sì tó yí tẹ́ḿpìlì ká. Kó má retí ọkọ̀ ojú irin sí Dhanushkodi. Títì ọlọ́dà tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017 ló gba ẹ̀gbẹ́ àwókù ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ kọjá dé Arichalmunai, níbi tí ilẹ̀ erékùṣù náà parí sí. Ní òdìkejì omi, ojú irin Talaimannar, tí ogun abẹ́lé Sri Lanka bà jẹ́, ti ń gbé èrò padà láti ọdún 2015, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ ojú omi tó so òun àti Dhanushkodi pọ̀ mọ́.