Ẹ̀bẹ̀ Ni, Àṣẹ Kọ́: Ìfẹ́ àti Òmìnira Ẹni Lábẹ́ Òfin Ẹ̀sìn

  

Ọ̀rọ̀ ìtàn la gbé ka iwájú yín, ṣùgbọ́n ìtàn tó wọ yàrá oníkálùkù wa ni. Ìbéèrè náà kò gùn. Nígbà tí òfin ẹ̀sìn bá le, tí àwọn aṣáájú sì fẹ́ kí gbogbo ìlú máa tọ ọ̀nà Ọlọ́hun, ibo ni àṣẹ wọn yẹ kó dúró nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ènìyàn fẹ́ràn, ẹni tó fẹ́ fẹ́, àti ẹni tí kò fẹ́ bá gbé mọ́? Àwọn kan á ní kò yẹ kó dúró níbì kankan. Àwọn mìíràn á ní kò yẹ kó débẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn léèrè.

ÌLÚ KAN LÉTÍ ÒKUN ÌLÀJẸ

Ilẹ̀ Yorùbá níbí náà la ó ti bẹ̀rẹ̀. Etí òkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kún fún àwọn ìlú apẹja bíi Ayétòrò, Awóyè àti Mólútẹ̀hìn. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ síbẹ̀ láti Igbókòdá, orí òpó ni wọ́n sì ń kọ́lé sí, nítorí omi ló yí wọn ká. Mùsùlùmí kò pọ̀ lágbègbè náà. Ìjọ Aládúrà ló gbilẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 1947, àwọn apẹja kan tí wọ́n jẹ́ Aládúrà ya ara wọn sọ́tọ̀, wọ́n tẹ Ayétòrò dó. Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n pe ara wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ nínú ìtàn wọn ni pé wọ́n ṣe inúnibíni sí àwọn níbi tí àwọn wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé àwọn kọ òrìṣà, àwọn sì lòdì sí pípa ìbejì. Wọ́n fi ọba jẹ, Peter Jagbo, oyè rẹ̀ ni Ogeloyinbo. Òun ni olórí ìlú, òun náà ni olórí ìjọ. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ tó le débi pé wọ́n gbà pé àwọn kò ní kú.

Ètò tí wọ́n ṣe ni pé ohunkóhun kì í ṣe ti ẹnìkan. Ẹja tí wọ́n bá pa, ti gbogbo ìlú ni. Owó tí wọ́n bá rí, àpò kan náà ló ń lọ. Ìlú ló ń bọ́ wọn, ìlú ló ń dá aṣọ fún wọn, ìlú ló ń fún wọn nílé. Kò sí owó oṣù. Ká sọ òtítọ́, ètò náà mú èso jáde. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn apẹja wọ̀nyí ní iná mànàmáná tiwọn, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ, ilé iṣẹ́ bàtà, àti ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Àwọn àlejò ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Stanley Barrett, ọ̀mọ̀wé ará Kánádà tó lọ gbé láàárín wọn, kọ ìwé méjì nípa wọn, ọ̀kan ní 1974, èkejì ní 1977. Nínú ìwé rẹ̀ ó fi orúkọ ìlú náà pamọ́, ó pè é ní Olówó.

Ṣùgbọ́n ètò náà kò dúró lórí owó àti ẹja. Barrett kọ ọ́ pé ìgbà kan wà tí wọ́n pín ìlú sí méjì, tí ọkùnrin ń gbé lápá kan, tí obìnrin ń gbé lápá kejì. Ọkọ kò bá aya rẹ̀ gbé mọ́. Wọ́n gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ òbí wọn, wọ́n fi wọ́n fún ẹlòmíràn tọ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n rò ó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ràn aya rẹ̀, á fẹ́ mú ẹja tó sanra jù lọ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, á fẹ́ kí tirẹ̀ sàn ju ti aládùúgbò lọ. Nítorí náà, lójú wọn, ìfẹ́ inú ilé ni olè tó ń jà wọ́n lólè ìfẹ́ ìlú. Òótọ́ ni pé àwa Yorùbá máa ń sọ pé ẹnìkan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń wò ó. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: òwe náà kò ní kí ẹni tó bímọ yẹra. Òun ni ẹni àkọ́kọ́, igba ènìyàn wá ràn án lọ́wọ́ ni.

Ètò pípín ọkùnrin níyà sí obìnrin kò wà títí. Tọkọtaya padà sí abẹ́ òrùlé kan náà. Ní 1968, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ènìyàn láyè láti ṣòwò tara wọn, àpò kan náà sì tú díẹ̀díẹ̀. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ lọ́kọláya nìkan ló fà á. Ohun tí a rí kọ́ ni pé àwọn ènìyàn yìí fi ọrẹ àtinúwá fi ohun ìní wọn sílẹ̀, ó sì so èso fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ọkàn kì í ṣe àwọ̀n ìpẹja tí ènìyàn lè kó fún ìjọ kó máa lọ.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀. Ẹ ronú nípa ẹni tí ètò náà bá sú. Ilẹ̀kùn ìlú kò tì. Ó lè wọ ọkọ̀ kó máa lọ. Àmọ́ kí ni yóò mú dání? Ilé kì í ṣe tirẹ̀, ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti ọdún yìí wá wà nínú àpò ìlú. Òmìnira tí kò ní ohun tí ènìyàn yóò jẹ lọ́la, orúkọ lásán ni.

Lónìí òkun ti gba apá tó pọ̀ nínú Ayétòrò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Ọlọ́hun ló ń fi ìyà jẹ wọ́n nítorí ẹ̀sìn wọn. Omi kan náà ló ń da Mólútẹ̀hìn àtàwọn ìlú mìíràn létí òkun náà láàmú. Aládùúgbò wa ni wọ́n, àánú wọn ló yẹ kó ṣe wá.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ MẸ̀DÍNÀ

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn Aládúrà lèyí, kò kàn wá. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Mẹ̀dínà, níbi tí ìlú àti ẹ̀sìn wà lọ́wọ́ ẹnìkan náà, Ànábì (S.A.W.).

Uthman ọmọ Maz'un fẹ́ pa obìnrin tì pátápátá nítorí ìjọsìn. Ànábì kò gbà fún un. Khansa ọmọ Khidham jẹ́ obìnrin tó ti ṣe ìyàwó rí. Bàbá rẹ̀ tún fi í fún ẹni tí kò fẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ànábì, Ànábì sì tú yìgì náà ká.

Ọ̀rọ̀ Barira ló wá jinlẹ̀ jù. Ẹrú ni, ọkọ rẹ̀ Mughith náà jẹ́ ẹrú. Ìyá wa Aisha dá Barira sílẹ̀ lóko ẹrú, òfin sì fún un láyè láti yàn: kó dúró ti ọkọ tàbí kó máa lọ. Ó ní òun ń lọ. Mughith kò lè gbà á. Ibn Abbas sọ pé ó ń tẹ̀ lé e kiri ìgboro Mẹ̀dínà, ó ń sunkún, omijé ń ṣàn dé irùngbọ̀n rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Ànábì. Ó ní kí Barira gbìyànjú kó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Barira wá bi í pé ṣé àṣẹ ni ó ń pa fún òun ni. Ànábì dá a lóhùn pé rárá o, ẹ̀bẹ̀ ni òun ń bá a bẹ̀. Barira ní bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni, òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Ó parí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bínú sí i, wọn kò pè é ní aláìgbọràn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló tún lọ́lá ju ẹni tó bẹ̀ ẹ́ lọ? Síbẹ̀, ó mọ ibi tí àṣẹ òun dúró sí. Barira náà mọ̀ ọ́n, ó sì láyà láti béèrè. Ẹ tún wò ó pé Barira kò dá wà. Aisha wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ibi tó lè forí pamọ́ sí tó bá ti sọ pé rárá. Ohun tí ẹni tó fẹ́ kúrò ní Ayétòrò kò ní nìyẹn.

ÀWA Ń KỌ́?

Ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ jẹ́ ká sọ ti inú ilé wa.

Láàárín àwa Mùsùlùmí Yorùbá, ó wọ́pọ̀ láyé àtijọ́ kí bàbá fi ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe sàráà fún ààfáà tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. A ń pè é ní ìyàwó sàráà. Bàbá ń wá láádá. Ààfáà ń dúpẹ́. Ọmọ ńkọ́? Wọ́n kì í bi í. Bí ìgbà tí wọ́n fi àgbò tọrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé e, wọ́n bímọ, wọ́n dàgbà nílé ọkọ. Àwọn mìíràn sá lọ, orúkọ burúkú sì tẹ̀ lé wọn.

Àwọn ààfáà tó ń ṣe é ní ẹ̀rí lọ́wọ́, a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ìwé Risālah tí Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī kọ, ẹni tó kú ní ọdún 996, tí a ń kà nílé kéú wa, sọ pé bàbá lè fi ọmọ rẹ̀ tí kò tí ì mọ ọkùnrin fún ọkọ láìbi í. Tó bá sì wù ú, ó lè bi í. Báyìí ni mọ́sáàbù Màlíkì tí à ń tẹ̀ lé ṣe là á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Abū Hanīfah ní obìnrin tó ti bàlágà, àfi tó bá gbà. Ibn Taymiyyah, tó kú ní 1328, ní bàbá kò lágbára láti fi ipá mú un. Àwọn onímọ̀ ńlá ni gbogbo wọn. Kódà lọ́dọ̀ àwọn Màlíkì, àyè ni wọ́n fún bàbá, wọn kò sọ ọ́ di dandan. Ẹni tí wọ́n fún láyè láti bi ọmọ léèrè, tí kò bi í, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló lò, àmọ́ Súnà kọ́ ló tẹ̀ lé.

Ti ìjọba náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2002, kóòtù Sharia kan ní Bákòrí, ìpínlẹ̀ Kàtsínà, ní kí wọ́n sọ Amina Lawal lókò pa nítorí sínà. Ọkùnrin tó dárúkọ sẹ́, wọ́n ní kó máa lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Gbogbo ayé pariwo. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹsàn-án, 2003, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Sharia ní Kàtsínà dá a sílẹ̀, adájọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kò rí àǹfààní tó láti gbèjà ara rẹ̀. Òfin Sharia kan náà tí ti àkọ́kọ́ fi dá a lẹ́bi ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó kẹ́yìn béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

OHUN TÓ KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

A kò sọ pé kí ọmọ máa ṣe bó ti wù ú. Walí ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òbí tó rí ọ̀fìn tí kò kìlọ̀, kò ṣe iṣẹ́ òbí. Kí ó sọ̀rọ̀, kí ó bẹ̀bẹ̀, kí ó rán àgbà sí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá bi í pé, "Bàbá, ṣé àṣẹ ni?", kí ó rántí ohun tí Ànábì fi dá Barira lóhùn.

Ẹ̀yin ààfáà ẹlẹ́gbẹ́ mi tí ẹ ń so yìgì, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ pe ọmọbìnrin sọ́tọ̀, níbi tí bàbá rẹ̀ kò sí, kí ẹ bi í bóyá ó fẹ́. Ẹ rí i pé sàdáákì dé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, nítorí ohun ìní rẹ̀ ni, òun náà ló sì lè mú dání lọ́jọ́ tí ilé bá dàrú. Bí ó bá sọ pé òun kò fẹ́, ẹ dìde, kí ẹ máa lọ sílé, kí ẹ má so ó. Oúnjẹ wàlímọ̀ tí wọ́n ti sè, àwọn tálákà á jẹ ẹ́.

Kí Ọlọ́hun fi òye rẹ̀ yé wa, kí Ó má jẹ́ ká fi orúkọ Rẹ̀ gba ohun tí Òun fúnra Rẹ̀ kò fi ipá gbà. Àmín.